Sábítíyù Nínú Ọgbà Ọ̀fẹ́

Géètì ọgbà òdòdó náà ṣí sílẹ̀ gbayawu, Sábítíyù sì dúró níwájú rẹ̀, ó di báàgì rẹ̀ mú ṣinṣin. Kò sí ẹni tó ń gba owó níbẹ̀. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ti pẹ́ nílùú òyìnbó, kò sì tíì rí ohun ọ̀fẹ́ tí kò ní ohun tó ń tẹ̀ lé e.

"Ẹ wọlé, Màámi," ni géètì wí. Ohùn rẹ̀ dà bí ti bàbá àgbàlagbà tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. "Ọ̀fẹ́ ni."

"Ọ̀fẹ́ ti ta ni?"

"Ẹ wá gbọ́ o! A ní kí wọ́n wọlé, wọ́n ń béèrè baba ọ̀fẹ́. Bí ẹ ò bá ní wọlé, ẹ yà lọ́nà, ìgbà ìrúwé fẹ́ kọjá."

Sábítíyù yà lọ́nà. Ìgbà ìrúwé kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lóòótọ́, aṣọ rẹ̀ tutù, ó ń rùn bíi koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ó rọra tẹ̀ lé e wọlé, ó jìnnà sí i díẹ̀, kó má bàa rò pé òun ń lé e.

Nínú ọgbà, àwọn igi ti yọ òdòdó kí wọ́n tó yọ ewé, bí obìnrin tó wé gèlè tán tí kò tíì wọ bùbá. Ojú tì í fún wọn. Òdòdó náà ń já bọ́, ṣùgbọ́n kò balẹ̀. Ó ń dúró ní ibi orúnkún èèyàn, àwọn èèyàn sì ń wọ́ ọ kọjá bí ẹni ń la odò já. Méjì-méjì ni gbogbo wọn. Nígbà tí Sábítíyù jókòó, bẹ́ǹṣì tó jókòó lé wo àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹnìkejì yín ńkọ́?"

Sábítíyù ní ó ń bọ̀. Bẹ́ǹṣì náà dúró títí, kò rí ẹnì kankan, ó sì fì síwájú wẹ́rẹ́ títí Sábítíyù fi bá ara rẹ̀ lórí ìdúró.

Ajá funfun kan ń fa obìnrin òyìnbó kan bọ̀. Obìnrin náà kò wo Sábítíyù, ṣùgbọ́n ajá náà dúró, ó tẹrí ba díẹ̀. "Ẹ kú ìrìn o, ìyá," ló wí. Omi lé ròrò sójú Sábítíyù. Láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó kí i. Ilé iṣẹ́ tó ń gbálẹ̀ rẹ̀, ìgbà tí àwọn èèyàn bá ti lọ ló ń dé, kí wọ́n sì tó dé, á ti lọ. Ó wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi dá ajá náà lóhùn. Kó tó rí i, wọ́n ti lọ.

Ó bọ́ sínú ọgbà mìíràn. Ọ̀fẹ́ lòun náà. Títì kò sí mọ́. Ọgbà kan ń ṣílẹ̀kùn sínú òmíràn bíi yàrá ilé ńlá. Níbìkan, àwọn òdòdó pupa tó rí bí ife tò lọ bẹẹrẹ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bó ti yọ sí wọn, wọ́n pa ẹnu dé, bí ìgbà tí ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bá yọ lójijì. Ó sáré kọjá.

"Àwẹ̀ró!"

Ó dúró gbọnin. Nílùú yẹn, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n sí Àwẹ̀ró. Àwọn tó ń fi oríkì pè é, Ìkirè ni wọ́n wà, abẹ́ ilẹ̀ sì ni wọ́n wà níbẹ̀.

"Àwẹ̀ró!"

Inú ilé onígíláàsì kan ni ohùn náà ti ń wá. Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti kékeré: bí òkú bá pè ọ́, má dáhùn, bó bá fún ọ lóúnjẹ, má jẹ. Ẹni tó bá dáhùn, tàbí tó bá jẹ, kò ní padà. Ó pa ẹnu mọ́. Ó wọlé.

Ooru bò ó. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ló kún ibẹ̀, ewé wọn kan òrùlé. Bó ti ń rìn lábẹ́ wọn ni gíláàsì ń di amọ̀, tí òrùlé ń di páànù, nígbà tó sì máa fi dé òpin rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé bàbá wọn ló wà. Rábíátù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó lórí àpótí, ó ń din dòdò Ìkirè, èyí tí wọ́n ń fi ata gún mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù. Ọjọ́ tí wọ́n sin Rábíátù, inú fóònù ni Sábítíyù ti wò ó, fóònù náà sì ń já lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ìwọ ọmọ yìí, mò ń pè ọ́. Àbí etí rẹ náà ti di òyìnbó ni?"

Sábítíyù kò dáhùn.

"Ẹ wo bó ṣe rù! Ìwọ kọ́ lo wọ kóòtù yìí, kóòtù ló wọ̀ ọ́."

Ẹ̀rín gbọ̀n ọ́n. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Bí kò bá dáhùn, ó ti tàbùkù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bó bá dáhùn, ó parí nìyẹn, kò ní padà. Padà síbo? Ó gbìyànjú láti rántí ohun tó fi sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Ìkòkò kékeré kan ló rántí.

Rábíátù ki dòdò sínú ewé, ó nà án sí i. "Gbà. Ọ̀fẹ́ ni."

Ọwọ́ ọ̀tún Sábítíyù gbéra fúnra rẹ̀. Ó fi tòsì fà á padà. Ìgbà náà ló rí ọgbọ́n kan dá: bí ẹnu kò bá gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, orúnkún lè kí èèyàn. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó dorí kodò.

Nílé tiwọn, ẹni tó bá kúnlẹ̀ kí àgbà kì í dá dìde. Àgbà ló ń sọ pé, "Dìde."

Rábíátù wò ó títí. Àwàdà kúrò lójú rẹ̀. Ó fa dòdò náà padà sẹ́nu ara rẹ̀. Ó jẹ ẹ́, ó jẹ èyí tó wà nínú agbada, ó ń jẹ ẹ́ kíákíá bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀, epo ń ṣàn lágbọ̀n rẹ̀, títí kò fi ku ẹyọ kan.

"Ó tán," ló wí. "Kò sí tìrẹ níbẹ̀. Ṣé o gbọ́, Àwẹ̀ró?"

Ó fi ìró nu ọwọ́, ó há àpótí sí abíyá, ó gba ẹ̀yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ. Kò sọ pé kó dìde.

Amọ̀ ń di gíláàsì padà. Lóde, àwọn èèyàn ń jáde ní méjì-méjì, koríko sì ti ń hù yí ẹsẹ̀ Sábítíyù ká. Ó la ẹnu láti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Lórí ibùsùn ló kúnlẹ̀ sí, ó kọjú sí ògiri. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín kọjá lábẹ́ fèrèsé. Orúnkún ń dùn ún. Kò dìde.