Ìdajì Wákàtí Sitáàṣì

Ẹ má pè mí lẹ́ni tí kò lójú àánú. Mo lójú àánú, ó kàn jẹ́ pé ojú náà kì í wo ọ̀dọ̀ Sitáàṣì ni.

Sitáàṣì là ń pè é níbi iṣẹ́, torí aṣọ rẹ̀ máa ń gan débi pé ó lè dá dúró láìsí ènìyàn nínú rẹ̀. Ilé ìfọṣọ ọsìbítù la ti jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ilé ìtọ́jú ọmọ ń gba ju ìdajì owó oṣù wa lọ, nítorí náà àwa ìyá ọmọ dá ọgbọ́n. Méjì-méjì la pín ara wa. Ẹnì kan á ṣiṣẹ́ àárọ̀, èkejì á máa tọ́jú ọmọ àwọn méjèèjì nílé. Tó bá di aago méjì, wọ́n á pàdé lẹ́nu géètì: eléyìí á gba épúrọ́ọ̀nù, tọ̀hún á gba àwọn ọmọ. Èmi àti Sitáàṣì la jọ wà. Ẹ̀yìn mi ni àkọ́bí rẹ̀ ti mọ oorun sùn.

Àkọ́bí náà wọ ilé ìwé, tèmi ṣì kéré, èmi bá ẹlòmíràn pín, wọ́n sì fi Sitáàṣì ṣe ọ̀gá wa. Mo bá a yọ̀. Kò pẹ́ tó fi ní ọmọ gbígbà lẹ́nu géètì ń ba ojú ọsìbítù jẹ́. Ó pàṣẹ pé kí àwọn aláàárọ̀ dúró di aago méjì ààbọ̀, kí àwọn ọlọ́sàn-án sì ti wọlé láago méjì. Ní ìdajì wákàtí yẹn, gbogbo wa wà nínú ilé, kò sẹ́ni tó máa di ọmọ mú. Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì, mo kúnlẹ̀, èmi tí mo dàgbà jù ú lọ. Ó ní ẹni tí kò bá lè ṣe é, kó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó lè ṣe é.

Mo gbé ọmọ mi lọ bá màmá mi lọ́nà jíjìn. Nígbà tí mo fi máa ráyè lọ wò ó, màmá mi ló ń pè ní Mọ́mì. Ó kí mi dáadáa. Ó ní, "Àǹtí, ẹ káàbọ̀." Mo ní kí n gbé e padà, ó di màmá mi mú, ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo fi í sílẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti pinnu ohun tí màá ṣe fún Sitáàṣì bí ọwọ́ mi bá tẹ̀ ẹ́.

Mo fiṣẹ́ sílẹ̀, mo ń gba ọmọ tọ́jú nínú pálọ̀ mi. Sitáàṣì bí òmíràn. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sá lọ, owó ilé ìwé àkọ́bí sì ti gbé owó oṣù ọ̀gá mì. Ó wá sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni pé kò sí nǹkan kan láàárín wa. Mo gba ọmọ náà tẹ̀rín-tẹ̀rín. Owó tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tiẹ̀ kéré sí ti àwọn tó kù, kó má baà ronú ibòmíràn.

N kò fìyà jẹ ọmọ náà, Ọlọ́run ń gbọ́. Mo pọ̀n ọ́n, mo kọrin fún un. Ṣùgbọ́n kí n tó fi ṣíbí sí i lẹ́nu, màá bi í pé ta ni mí. Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín lásán. Nígbà tó yá, ó ti ń dáhùn kí n tó béèrè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ tètè dé, ọmọ sì wà lójúfò lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Mọ́mì." Sitáàṣì rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́, ó rò pé òun ló ń pè. Ọmọ so mọ́ mi lọ́rùn, ó bú sẹ́kún, ó ń pe Mọ́mì sí mi létí. Ìgbà náà ló yé e.

Inú mi dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ó dùn mọ́ mi dé egungun.

Ó béèrè ẹni tó kọ́ ọ.

"Èmi ni," mo dá a lóhùn. "Tèmi ń pè mí ní àǹtí."

Ó jókòó sílẹ̀ láàárín bàtà àwọn ọmọ, aṣọ rẹ̀ tó máa ń gan rún pọ̀. Kò bú mi. Ó bẹ̀ mí pé kí n sọ ohun tí òun lè ṣe tí ọmọ náà á fi mọ òun.

Òótọ́ ni mo sọ fún un. Mo ní ẹni tó bá ń tẹ́ ọmọ náà sùn lọ́sàn-án ni ọmọ náà máa ń wá tó bá jí. "Máa wá láago méjì, kí o máa tẹ́ ẹ sùn fúnra rẹ."

Ó nu ojú. "Ẹ̀gbọ́n mi, kò sẹ́ni tó lè kúrò níbi iṣẹ́ láago méjì mọ́. Ọsìbítù ti sọ ọ́ dòfin fún tọ̀gá tọmọṣẹ́."

"Mo mọ̀," mo ní.