Ìyá Akọrin Pa Ẹnu Mọ́

Dókítà ní kí ìyàwó mi má sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní kó tún un sọ. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́, ó dùn mọ́ mi ni.

Ẹ má bá mi wí. Ìyàwó mi ni Ìyá Akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Òun ló ń kọ́ wọn lórin, òun ló ń ṣètò oúnjẹ àwọn aláìsàn, òun náà ló ń gbálẹ̀ bí ẹni tó yẹ kó gbá a ò bá wá. Kò sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ò sí, ẹnu rẹ̀ náà kì í sì í gbẹ́yìn.

Àmọ́ nígbà tí dókítà sọ ìyókù, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ó ní egbò wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, pé bó bá fi ohùn yẹn ṣe nǹkan kan kí egbò náà tó jinná, kò ní lè kọrin mọ́ láyé. Ọjọ́ tí a máa ṣí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun sì wà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ọ̀hún.

Nílé, ṣíbí di ẹnu fún un. Tó bá ń pè mí, á kàn án mọ́ àwo. Tínú bá ń bí i, á kàn án mọ́ tábìlì. Mo mọ ìgbà tó ń bú mi dáadáa.

Àdúrà òwúrọ̀ ló kó bá mi. Látìgbà tí a ti fẹ́ra wa, òun ló ń gbà á. Á máa wọ bàtà, á máa wo ìkòkò lórí iná, "Baba a dúpẹ́, máa ṣọ́ wa, àmín," ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí kò lè sọ̀rọ̀, ó jókòó, ó ń wò mí. Èmi náà ń wò ó. Ó kan ṣíbí mọ́ tábìlì.

"Èmi kẹ̀? Káfíńtà ni mí o!"

Ó tún kàn án. Mo dijú, mo ní, "Olúwa, ẹ kú àárọ̀ o." Mo wá ọ̀rọ̀ tó kù títí, mi ò rí i. La bá jókòó bẹ́ẹ̀, láìsọ nǹkan kan, títí omi orí iná fi gbẹ.

Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan mo lajú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé ọ̀fun ń dùn ẹ́ ni?"

Ó mi orí pé rárá, kì í ṣe ọ̀fun.

"Kí wá ni? Àbí ò ń bẹ̀rù pé Olúwa á gbàgbé ẹ, torí o ò rí iṣẹ́ kankan ṣe fún un?" Ìbínú ni mo fi sọ ọ́. Ó fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Áà! Obìnrin tí gbogbo ìjọ fi ń ṣe àwòkọ́ṣe! Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Nígbà tó ku ọ̀la ká ṣí ṣọ́ọ̀ṣì, igbákejì rẹ̀, télọ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ dùn, kó àwọn akọrin dé. Orin tí wọ́n fẹ́ kọ lọ́jọ́ náà ò ní dùrù. Ìyàwó mi ló máa ń fi ẹnu fún wọn ní ohùn tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ẹ ṣe 'hùn-ún' péré," ni télọ̀ wí. "Iṣẹ́ Olúwa ni, Olúwa á wo ọ̀fun yẹn sàn."

"Ṣé Olúwa ló ní kẹ́ ẹ wá fà á ya?"

"Bàbá, ẹ má bínú."

"Mo ti bínú!"

Ìyàwó mi dìde, ó la ẹnu. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pa ẹnu náà dé, ó sì nawọ́ sí àga. Wọ́n jókòó. Ó dijú. Télọ̀ ń wò mí bóyá màá sọ nǹkan kan, àmọ́ èmi ti mọ ohun tí à ń ṣe. Àdúrà òwúrọ̀ wa ni, nírọ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé orin náà ga jù. Kò pẹ́ tí ohùn fi há wọn lọ́fun, wọ́n dákẹ́. Ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn tí mo fọwọ́ ara mi kàn. Ó di ọwọ́ mi mú débi pé òrùka mi fẹ́ wọ ẹran. Kò dìde. Níwájú, télọ̀ dijú, ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ohùn mìíràn nísàlẹ̀, wọ́n sì kọ orin náà parí. Kò dùn tó ti ìyàwó mi. Mi ò ní purọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, dókítà ní ó lè máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti wọ bàtà, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wà lórí tábìlì.

Mo ní, "Ó yá, gba àdúrà ẹ, ó ti sú mi."

Ó ní, "Olúwa, ẹ kú àárọ̀ o." Ohùn rẹ̀ há díẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ ni. Mo dúró de ìyókù. Kò sọ ọ́.

"Ṣó o ti gbàgbé ìyókù ni?"

"Ẹ dákẹ́ ná," ó rọra sọ. "Gbogbo ọdún tí a ti ń kí i, a máa ń sá lọ ni. Ṣé a ò ní jẹ́ kó dáhùn?"

Mo pa ẹnu mi mọ́. Nígbà tó pẹ́, ó dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó lọ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.