Ọjọ́ Tí Wọ́n La Ìdí Ọkọ̀ Náà

Láti ìgbà tí omi ti wọ ọkọ̀ wọn nítòsí Àgbòwà ni Mùsílímátù kò ti mọ ẹni tí òun yóò gbè lẹ́yìn mọ́. Àwọn méjì ló ni ọkọ̀ náà. Fàsásì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ọ̀kan, ọmọ Ìkòròdú, tí wọ́n jọ mu ọmú ìyá kan náà. Èkejì ni Tìrìmísíyù ọkọ rẹ̀, ará Ẹ̀pẹ́ látilẹ̀wá, apẹja tó di awakọ̀ ojú omi. Wọ́n dawó ra ọkọ̀ náà ní tòkunbọ̀, wọ́n sì ń lò ó ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ọ̀kan bá lò ó tán, a gbé e fún èkejì. Àmọ́ Mùsílímátù ni ọkọ̀ náà wúlò fún jù, nítorí ìrẹsì Ìmọ́tà ló ń rà tó ń tà ní Ẹ̀pẹ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Tìrìmísíyù wà nídìí ẹ́ńjìnnì, Mùsílímátù fẹ̀yìn ti àwọn àpò ìrẹsì rẹ̀. Kò sí ìjì, ìgbì kò sì le. Ó ṣàdédé rí i pé omi ti bo ọrùn ẹsẹ̀ òun. Kó tó pariwo, omi ti dé ojúgun, ìdí ọkọ̀ sì ń wọlẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ bíi pé ẹnì kan dì í mú nísàlẹ̀. Àwọn apẹja tó wà nítòsí ló fà wọ́n gúnlẹ̀. Ẹ̀mí ẹnikẹ́ni kò bá a lọ. Ìrẹsì nìkan ló bómi lọ.

Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ló burú ju omi lọ. Fàsásì dúró ní èbúté lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Igi tí àwọn apẹja rì mọ́ ọsà ló gbá, kò fẹ́ jẹ́wọ́ ni. Ó fẹ́ bá mi pa àbúrò mi." Tìrìmísíyù náà kò gbé tirẹ̀ mì. Ó ní àwọn tó máa ń wọ́ ọkọ̀ gun orí sìmẹ́ǹtì èbúté kí omi má bàa kan bàtà wọn, àwọn ló ba ìdí rẹ̀ jẹ́. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti kí ara wọn mọ́. Nígbà tí Iléyá dé, tí ẹran wá láti ilé Fàsásì, Tìrìmísíyù ní kí wọ́n gbé e fún àwọn aládùúgbò.

Nígbà tí ọyẹ́ wá dé, Israel pe Mùsílímátù lórí fóònù. Òun ló ń tún ọkọ̀ ṣe létí omi ní Ìgbògbò, abẹ́ tapólì ní ọgbà rẹ̀ ni ọkọ̀ náà sì ti wà látìgbà yẹn. Ó ní àkókò ti tó, pé fáíbà tí wọ́n fi ń lẹ ara ọkọ̀ kì í gbẹ dáadáa lásìkò òjò, ọyẹ́ ló máa ń fẹ́. Ó ní òun máa la ilẹ̀ ọkọ̀ náà, òun á sì la ìdí rẹ̀, kí àwọn méjèèjì wá síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ lẹ́yìn ọ̀la pé òun fi nǹkan pamọ́.

"Ṣé dandan ni kí ẹ là á?" Mùsílímátù bi í. "Ẹ ò kàn lè fi fáíbà tuntun bò ó níta?"

"Màmá, egbò tí a ò fọ̀ tí a fi aṣọ dì, inú ló ti máa kẹ̀."

Mùsílímátù mọ̀ pé òótọ́ ni. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti ọkọ òun, ẹ̀gbọ́n òun kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú láéláé. Bó bá sì jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n òun, ọkọ òun kò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé bàbá òun mọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì mọ̀, ó ṣì ní àwọn méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ ní ààbọ̀ ààbọ̀. Síbẹ̀ ó jíṣẹ́ náà fún wọn.

Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ dé ọgbà Israel, Fàsásì ti jókòó sórí ike ọ̀dà kan tí wọ́n da ojú rẹ̀ délẹ̀. Mùsílímátù kúnlẹ̀ kí i. Tìrìmísíyù ní, "Ẹ káàárọ̀ o," ṣùgbọ́n ọkọ̀ ló kọjú sí. Ọyẹ́ ti mú kí ètè gbogbo wọn funfun.

Israel fọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó mirí. "Bí mo ṣe ń wò ó yìí, igi ló gbá a. Mo ti rí irú ẹ̀ rí."

Fàsásì wú ikọ́. Tìrìmísíyù gbójú sí ọsà.

Israel tan máṣíìnì tó fi ń gé nǹkan. Ariwo gba gbogbo ọgbà, eruku funfun sì bo ojú wọn. Nígbà tó gé ilẹ̀ ọkọ̀ kúrò, omi ṣàn jáde nísàlẹ̀, omi dúdú tó ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tó ti pẹ́ nínú odò, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí òjò ti dá. Ó ki ọwọ́ bọ ìdí ọkọ̀ níbi tí pákó tó ru ẹ́ńjìnnì yẹ kó wà. Ohun tó bù jáde rọ̀ bíi fùfú.

"Ẹ wá wò ó."

Àwọn ọkùnrin méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, fìlà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara. Israel da omi sí ara ọkọ̀ níta, ó fọ̀ ọ́, ó tanná sí i, ó fi àtàǹpàkò tọ gbogbo rẹ̀ wò. Kò sí ibi tó sán. Ó wá fi irin tín-ínrín kan bọ ihò súkúrù tó di bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn mú, irin náà wọlé tààrà dé ibi pákó jíjẹrà.

"Ibí ni. Wọn ò fi nǹkan kan dí ihò yìí. Gbogbo òjò tó ń rọ̀ ló ń gba ibẹ̀ wọlé, ọdún gorí ọdún. Ta ló kan bẹ́ǹṣì yìí?"

Mùsílímátù di etí ìborùn rẹ̀ mú.

"Bí a ṣe rà á nìyẹn," ni Fàsásì sọ.

"Bí a ṣe rà á ni lóòótọ́," ni Tìrìmísíyù wí. "Èmi àtẹ̀yin la jọ jókòó lé e lọ́jọ́ tí a gbé e bọ̀."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá Fàsásì sọ láti ìgbà òjò nìyẹn. Fàsásì wo Israel. "Kì í ṣe igi?"

"Rárá, Bàbá. Àṣìṣe ni mo ṣe. Kì í ṣe igi, kì í sì í ṣe sìmẹ́ǹtì."

Mùsílímátù jókòó sórí dúrọ́ọ̀mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín láìsí ohùn, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wò ó, ó ní eruku ló kó sí òun lójú. Bíi kó kúnlẹ̀ fún pákó jíjẹrà náà ló ń ṣe é.

Fàsásì gbọn eruku fìlà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ gbé ike ọ̀dà mìíràn wá, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. "Tìrìmísíyù, jókòó. Ohun tí mo sọ ní èbúté, ẹnu àgbà kọ́ ló yẹ kó ti jáde."

"Èmi náà sọ tèmi, ẹ̀gbọ́n," ni Tìrìmísíyù wí, ó sì jókòó.

Gbogbo ọyẹ́ yẹn ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ náà. Wọ́n fi pákó tuntun sí ìdí rẹ̀, wọ́n fi fáíbà wé e yíká. Wọ́n gbé táńkì epo lọ sí iwájú kí ìdí lè fúyẹ́, wọ́n ra pọ́ọ̀ǹpù oníbátìrì tó ń da omi síta fúnra rẹ̀, wọ́n sì tú ẹ́ńjìnnì fọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní aláwọ̀ ewé ni kí wọ́n kùn ún, ọkọ ní aláwọ̀ aró ni. Nígbà tó sú Mùsílímátù, ó ra ọ̀dà funfun ránṣẹ́ sí wọn. Tìrìmísíyù a máa sùn sílé Fàsásì nígbà mìíràn kó má bàa máa lọ máa bọ̀. Ó pe ìyàwó rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Má dúró dè mí o. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n se ìkọ́kọrẹ́, mo ti yó." Mùsílímátù pa fóònù, ó dá rẹ́rìn-ín nínú yàrá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa gbé ọkọ̀ náà lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n kọ́kọ́ fi àpò yanrìn dán an wò títí ọkàn wọn fi balẹ̀. Fàsásì wá yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Bí ẹ̀rù omi bá ń bà ọ́, mọ́tò wà ní gáréèjì o. Kò sẹ́ni tó máa fi ọ́ ṣẹ̀sín."

Mùsílímátù wo omi náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gba láìfù jákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó fi ẹsẹ̀ kan bọ inú ọkọ̀, ó fa èkejì tẹ̀ lé e.

Ilẹ̀ ọkọ̀ ló tẹjú mọ́ látìgbà tí wọ́n ti ṣí. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀kánkán Àgbòwà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. Ó gbẹ. Yanrìn díẹ̀ nìkan ló lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó mí kanlẹ̀, ó fẹ̀yìn ti bẹ́ǹṣì, ó ń gbọ́ bí àwọn méjèèjì ṣe ń jiyàn nídìí ẹ́ńjìnnì nípa ibi tí ọsà ti jìn jù.

Ìgbà tí ẹnì kan fọwọ́ kàn án léjìká ló lajú. Èbúté Ẹ̀pẹ́ ti wà níwájú wọn gbàgàdà.

"O sùn," ni Tìrìmísíyù wí.

"Mo sùn," ni Mùsílímátù dáhùn, ó sì na ọwọ́ sí i kó fà á dìde.