Okùn Tí Bàbá Lọ́ Láìka Orúkọ

Kànga ló kọ́kọ́ jẹ́ kí Umáímà mọ̀ pé ibi tí òun wà kì í ṣe ilé tí òun mọ̀. Kànga àdúgbò wọn, èyí tí wọ́n fi òkúta dúdú mọ ní ẹnu, ló wà láàárín yàrá rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní tó sùn sí. Òrùlé ò sí mọ́. Oòrùn ràn gan-an lókè, síbẹ̀ iyanrìn tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ tutù bíi pé ó fẹsẹ̀ bọ omi. Kò sí ẹyẹ, kò sí rákúnmí, kò sí ohùn ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ̀ jókòó sí ẹnu kànga náà, ó ń lọ́ okùn.

Oṣù kẹfà rèé tí wọ́n ti sin Mundírì, bàbá rẹ̀ yìí. Ojú Umáímà ni wọ́n ṣe gbé e jáde. Òun náà rèé o, tó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ìdí okùn mọ́lẹ̀ bó ti máa ń ṣe, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí èèpo ọ̀pẹ pọ̀, díẹ̀díẹ̀, láìkánjú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Mundírì jẹ́ fún yín. Olórí ìran Ṣámíkì ni, ní abúlé ọlọ́pẹ kan tó jìnnà sí Mẹ̀dínà ní ìrìn ọjọ́ méjì. Láyé àìmọ̀kan, kí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó dé, rákúnmí àwọn ọmọ Ṣámíkì ló ń kọ́kọ́ mu omi kànga yẹn. Ẹni tí kò bá lè dúró ka orúkọ baba-ńlá méje tó lókìkí, kí ó ní sùúrù, ì báà jẹ́ pé òùngbẹ ti ń pa ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹrú bá ṣèèṣì fi igbá wọn mu omi, Mundírì á gba igbá náà, á fọ́ ọ mọ́ òkúta. Tó bá sì ń lọ́ okùn, orúkọ ló fi ń lọ́ ọ: ìlọ́po kan, baba kan. Kí okùn tó gùn tó apá, ó ti ka baba-ńlá méjìlélógún, àwọn ọmọ á sì máa gbè é lẹ́yìn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé láti Mẹ̀dínà pé ọmọ Ádámọ̀ ni gbogbo wa, pé erùpẹ̀ sì ni wọ́n fi dá Ádámọ̀, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fi í rín. Ìgbà tó yá, òun náà gbà. Ó dá Yasárì ẹrú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bá a dúró lórí sáàfù ìrun kan náà, èjìká mọ́ èjìká. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn baba-ńlá ò kúrò lẹ́nu rẹ̀ nídìí okùn títí tó fi kú.

Wàyí o, Yasárì yìí gan-an ni wàhálà tó wà nílẹ̀. Iṣẹ́ awọ ló ń ṣe, ó ń rán korobá awọ tí wọ́n fi ń fa omi. Bó bá kọjá níwájú ilé, tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kí àwọn àgbà, Umáímà á di òpó mú, á ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nílẹ̀. Yasárì ti rán àgbàlagbà kan sí Dírárì, ẹ̀gbọ́n Umáímà, pé òun fẹ́ ẹ. Dírárì ní ọwọ́ tó ti di ìjánu rákúnmí òun mú kò ní di ọwọ́ àbúrò òun mú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń sọ yìí, kété tí wọ́n kírun Àìlà tán, Dírárì wọlé wá bá a. Ó ní Hánsálà, ọmọ àbúrò bàbá wọn, ti múra tán láti fẹ́ ẹ. Kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì, òun á mú ẹlẹ́rìí méjì wá sí ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, òun á sì bi í léèrè bí ẹ̀sìn ṣe ní kí wọ́n bi ọmọbìnrin. Ìtìjú kì í jẹ́ kí wúńdíá sọ̀rọ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ti tó fún ìdáhùn. Nítorí náà, kó ṣáà dákẹ́. Bó bá la ẹnu rẹ̀ kọ Hánsálà nítorí Yasárì, òun á di ẹrù òun, òun á padà sí aṣálẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ lójú òun mọ́ pé òun ní àbúrò.

Àwọn méjèèjì ló kù fún ara wọn láyé. Láti kékeré, Umáímà ò sì sọ pé rárá fún Dírárì rí.

Ó rí Yasárì fìrí lẹ́yìn ọgbà. Yasárì ti gbọ́. Kò wò ó lójú. Ó ní, “Umáímà, tí o bá dákẹ́, mi ò ní bínú. Mo mọ ohun tí o máa pàdánù.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí ó wọlé lọ sùbú sórí ẹní, tí oorun ọ̀sán fi gbé e lọ sídìí kànga tí mo ń sọ yìí.

“Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ o.”

Bàbá ò gbójú sókè. “Umáímà, bá mi di etí okùn yìí mú.”

Ó dì í mú. Ó ń retí orúkọ. Bàbá lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kò sọ nǹkan kan. Ó lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹnu rẹ̀ dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba Umáímà. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é fúnra rẹ̀: Mundírì ọmọ Sáríyà, ọmọ Ukáfù... Bàbá wò ó bí ẹni tó ń gbọ́ èdè tí kò yé e.

“Bàbá, ẹ ò ka orúkọ.”

“Wọn ò bi mí.”

“Àwọn wo?”

“Àwọn málàíkà tó wá bá mi ní sàréè nígbà tí ẹ fi mí sílẹ̀ tí ẹ padà sílé. Mo ti to gbogbo orúkọ yẹn sẹ́nu dè wọ́n. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ọmọ ta ni mí.” Ó fi itọ́ ra àtẹ́lẹwọ́, ó tún lọ́ okùn. “Ohun tí wọ́n bi mí, ẹnu tèmi nìkan ló lè dá a lóhùn.”

Ibẹ̀ ni Umáímà ti gbọ́ ìró bàtà lókèèrè. Ìró bàtà èèyàn mẹ́ta. Ó mọ ẹsẹ̀ Dírárì láàárín wọn.

“Bàbá, Dírárì ń bọ̀. Kí ni kí n sọ?”

“Fà á, kí n wò ó bóyá ó le.”

Ó fà á. Okùn náà gbóná lọ́wọ́ rẹ̀ bí iná. Ìró bàtà ń sún mọ́ tòsí. Bàbá so okùn mọ́ korobá, ó jù ú sí kànga, Umáímà ò sì gbọ́ kí ó kan omi.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi. Ẹ pàṣẹ fún mi. Ẹ dárúkọ ẹnì kan, màá ṣe é.”

Bàbá wá rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tó ní èèpo ọ̀pẹ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. “Ìwọ ni wọ́n ń bọ̀ wá bi, ọmọ mi. Kì í ṣe èmi.”

Ó jí.

Òrùlé ti padà. Ọwọ́ rẹ̀ ta. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, wọ́n ti jókòó. Kuáíbù àgbà, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí, ń ṣàwàdà pé ìdákẹ́ ni ìyàwó òun náà fi gba òun lọ́jọ́ kìíní, kò sì tíì dákẹ́ látọjọ́ náà. Dírárì ò rẹ́rìn-ín. Ó bi ìbéèrè náà kíákíá, bí ẹni tó ń sáré kọjá níwájú ajá: Hánsálà ń fẹ́ ọ, Umáímà, ṣé o gbọ́? Kò dúró tó bí èèyàn ṣe ń mí lẹ́ẹ̀mejì.

“Ó ti dákẹ́. Ẹ jẹ́rìí sí i.”

“Mi ò tíì dákẹ́.”

Ó wà lórí ahọ́n Umáímà láti sọ pé Bàbá ló wá lójú àlá, pé Bàbá ló ní kí òun kọ̀. Ta ló máa já òkú nírọ́? Ṣùgbọ́n Bàbá ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti bẹ̀ ẹ́ kó sọ ọ́, Bàbá ò gbà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, èmi fúnra mi ni mò ń sọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ Hánsálà. Yasárì ni mo fẹ́. Mi ò sì fẹ́ kí ẹ lọ.”

Dírárì béèrè, jẹ́jẹ́, bóyá ó ti gbàgbé ọmọ ẹni tó jẹ́ ni. Ó ní òun ò gbàgbé. Kuáíbù kọhùn, ó ní ọmọ ti fọhùn, yìgì Hánsálà ò lè so mọ́ lójú tòun, orúnkún rẹ̀ sì dún bó ṣe ń dìde. Dírárì pẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ̀lé wọn. Umáímà rí òjìji ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ ìkélé, bíi pé ó fẹ́ ṣí i. Kò ṣí i.

Ó jáde. Umáímà di etí ẹní mú, ó ń tẹ́tí sí ibi tí wọ́n ń so rákúnmí mọ́. Hánsálà ti ń dúró níta. Umáímà gbọ́ tó ń bi Dírárì, tẹ̀ríntẹ̀rín, pé ìgbà wo ni kí àwọn pa àgùntàn.

Ohùn Dírárì há bí ohùn ẹni tó ti sunkún.

“Máa lọ sílé, Hánsálà. Àbúrò mi ní òun ò gbà.”