Imú Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà

Láti ìgbà èwe ni imú obìnrin aránṣọ kan ti wọ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ti ilẹ̀kùn lù ú níbi eré. Ẹ̀gbọ́n ti gbàgbé. Àbúrò kò gbàgbé. Iṣẹ́ káfíńtà ló wá kọ́, ohun wíwọ́ kò sì lè wà níwájú rẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bó bá ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, imú yẹn ni yóò máa wò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín tún un ṣe."

"Ṣé fèrèsé ni mí ni? Bí imú yìí ṣe rí nìyí tí ọkọ mi fi fẹ́ mi."

"Bùọ̀dá ò ríran dáadáa nígbà yẹn ni."

Wọn a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ náà kò dáwọ́ dúró, nítorí kí ọkàn àbúrò rẹ̀ lè balẹ̀ ni obìnrin náà sì ṣe gbà níkẹyìn.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, imú sì tọ́. Lẹ́yìn náà ni kókó líle kan yọ nínú ìpéǹpéjú ọ̀tún, ìpéǹpéjú sì wó bo ẹyinjú. Oníṣẹ́ abẹ ṣàlàyé pé ìpara olóròóró tí wọ́n fi pa òwú tí wọ́n kì sí ihò imú ló gba ojú ọgbẹ́ dé ibẹ̀, tó sì dì.

"Ó ṣọ̀wọ́n, mà, ṣùgbọ́n aládùúgbò ni ojú àti imú. A lè gé e kúrò. N kò kàn lè ṣèlérí pé ìpéǹpéjú yóò padà sípò."

"Abẹ ẹ̀ẹ̀kan tó mi."

Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà ni káfíńtà ti ń kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú rẹ̀ á wà nílẹ̀. Nígbà tó yá, kò wá mọ́. Èyí dun aránṣọ ju ojú lọ. Ó ránṣẹ́ sí i pé ẹsẹ̀ tábìlì òun ń mì.

Àbúrò rẹ̀ wá, ó wọ abẹ́ tábìlì, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ yìí ò mì."

"Mo mọ̀. Jáde. Ojú kan ò jẹ́ kí n mọ ibi tí ihò abẹ́rẹ́ wà gan-an. Wá bá mi gbé ìpéǹpéjú yìí sókè."

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ títí, ó sì fi ìka kan gbé e.

"Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ imú yọ yín lẹ́nu."

"Ǹ bá sì ti kọ̀, kí o máa wá yọ mí lẹ́nu títí a ó fi darúgbó."

Òwú tàsé ihò abẹ́rẹ́. Aránṣọ tún òwú náà lọ́ ní ṣóńṣó, ó ní kó má tíì gbé ọwọ́ kúrò.