Ohùn Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Iwájú

Ta ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, èmi ni àbí Alága?

Mi ò mọ̀. Títí di ìsinsìnyí tí mo jókòó sínú mọ́tò, tí kọ́kọ́rọ́ ń làágùn lọ́wọ́ mi, mi ò mọ̀. Ṣé èmi ni mo gbọ́ ohùn tó ń kùn lábẹ́ ọkọ̀, tí mo bojú wẹ̀yìn, tí mo rí i pé ọmọ ti sùn… àbí ọmọ ló kọ́kọ́ sùn, tí gbogbo ayé dákẹ́, tí mo wá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ? Hùùùùù. Bí oyin tó há sínú agolo. Ọmọ oṣù mẹ́rin tí kì í sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, tí kì í sùn léjìká, tó jẹ́ pé tí mo bá pọ̀n ọ́n, àfi kí n máa rìn títí orúnkún mi á fi fẹ́ yẹ̀ — ó gbọ́ hùùùùù yẹn, ó sùn. Ó rọ̀gbọ̀kú sórí àga ẹ̀ lẹ́yìn, ikùn síwájú, bí alága ìpàdé tí ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé ti sú. Ibẹ̀ ni bàbá ẹ̀ ti rí orúkọ yẹn fún un. Alága.

Ó yá, tan mọ́tò. Tan án.

Mi ò lè tan án.

Kí ló ń bà mí lẹ́rù gan-an? Jẹ́ kí n tò ó, bí tíṣà wa ṣe kọ́ wa ní kíláàsì àgbà. “Tí ọ̀rọ̀ bá kún inú yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó dájú.” Ó dáa. Èyí tó dájú: Bàbá, bàbá ọkọ mi, ti yọ họ́ọ̀bù tí wọ́n ń de táyà mọ́, àti bẹ́rìn tó ń mú un yí, tó ti jẹ, kúrò ní ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú, ó sì ti fi tuntun sí i. Nínú ọgbà níbí, láàárín okùn aṣọ àti ẹ̀rọ omi. Àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ọ̀sán ti ń rọ̀ báyìí. Mọ́tò ti padà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bàbá wà lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, ó gbé Alága dání, Alága sì ń ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Gbogbo ìyẹn dájú.

Èyí tí kò dájú… nọ́ńbà yẹn. Ṣé ó gbọ́ nọ́ńbà yẹn?

Ọgọ́sàn-án. Bí ìwé mọ́tò ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàárín họ́ọ̀bù, ọgọ́sàn-án lórí sípánà olónkà ni kí ẹ dé e mọ, kó má dín, kó má lé. Tó bá dín, bẹ́rìn tuntun á jẹ bíi ti àná. Tó bá lé, á jẹ náà. Tó bá wá tú pátápátá… rárá. Mi ò ní ronú dé ibẹ̀. Mo ti ronú dé ibẹ̀. Mo ti rí táyà tó ń dá lọ níwájú wa lójú títì, tí èmi àti Alága ń wò ó lọ.

Mo kà á fún un. Mo tẹríba, mo fi ìka sórí ìlà, torí tí mo bá gbójú sókè báyìí, ìlà á sọnù mọ́ mi lójú. “Bàbá, ọgọ́sàn-án ni wọ́n ní o.” Kò dáhùn. Búrọ́ọ̀ṣì onírin wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń ha ìpẹtà, fàà, fàà. Mo tún un kà, mo gbé ohùn sókè díẹ̀, orí mi ṣì wà nínú ìwé. Ọgọ́sàn-án. Fàà, fàà. Kò tilẹ̀ ṣe hẹn.

Ó dùn mí. Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ara mi, ó dùn mí wọra. Ta ni mo jẹ́ kẹ̀? Ẹni tó jẹ́ pé ọdún méjì sẹ́yìn ló tó mọ ìwé kà, lórí bẹ́ǹṣì, láàárín ìyá àgbà kan tó ń ránṣọ àti bàbá kan tó ń ṣọ́ géètì, tí gbogbo wa jọ ń pariwo lẹ́tà bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹni tó ti ń tú mọ́tò kí wọ́n tó bí mi, kí ló fẹ́ fi ìwé tí irú mi kà ṣe? Mi ò lè lọ bá a báyìí kí n ní, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo kà? Ìyàwó wo nìyẹn? Wọ́n á ní mo kàwé tán, mo wá ń yẹ àgbà wò.

Àbí ọkọ mi ni kí n pè? Ibi tí wọ́n ti ń ṣe afárá ló wà, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó wálé. Mo mọ ohun tó máa sọ. “Ìyá Alága, ìwọ náà! Tí eṣinṣin bá ti kọjá lójú ọmọ, o ti ń wá dókítà.” Òun náà ló ní ariwo táyà lásán ni, kí n jẹ́ kí òun dé. Oṣù méjì gbáko ló fi wí bẹ́ẹ̀. Èmi náà sì… èmi náà jẹ́ kó wí. Torí ọmọ ń sùn. Kí n má purọ́. Mo mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọkọ̀ yẹn, mo sì ń wà á yí àdúgbò po lójoojúmọ́ kí ọmọ mi lè sùn. Ohun tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ló fẹ́ pa wá, èmi ni mo sì ń gbé e lọ bá a.

Bàbá wá kí ọmọ ọmọ ẹ̀, ọjọ́ kejì ló ní kí n gbé òun jáde. Ó jókòó ti ẹ̀gbẹ́ mi. Hùùùùù. Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ ọ?” Ó yí ojú sí mi. “Kí ni o wí? Wò mí lójú tí o bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ìyàwó.” Bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Wò mí lójú. Bí ẹni pé ẹlẹ́rìí ni mí ní kóòtù. Mo páàkì, mo wò ó lójú, mo tún un sọ.

“Ṣàpèjúwe ẹ̀ fún mi.”

“Ó dà bí oyin nínú agolo, Bàbá.”

“Tí o bá ń sáré ńkọ́?”

“Á ga sí i.”

“Tí o bá yà sí òsì?”

“Ibẹ̀ ló ti ń ké jù.”

“Tí o bá yà sí ọ̀tún?”

“Á rọlẹ̀.”

Ó mi orí. “Ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú ni. Bẹ́rìn ti jẹ.” Tán. Bíi dókítà. Mo rò pé ó ń dán mi wò ni, bóyá mo ní etí.

Alága, dákẹ́ jọ̀ọ́. Màmá ń ronú.

Kí ni mo ń wí… hẹn, iṣẹ́ òní. Iṣẹ́ òní dùn o, kí n má sọ ọ́ dà bí ìjìyà. Ó kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì ńlá yẹn díẹ̀ kó tó ki jáàkì bọ abẹ́ ọkọ̀. Ó fi irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti abẹ́ mọ́tò, ó fi ọwọ́ tì í wò lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì yìn ín nínú mi, torí èmi náà lẹ́ẹ̀mẹta ni mo máa ń yẹ ilẹ̀kùn wò. Mo gbé omi fún un. Mo wò ó lójú dáadáa bó ṣe fẹ́, mo fi ṣe àwàdà: “Bàbá, tí ẹ bá tún un ṣe tán, tí ariwo lọ, kí ni yóò máa rẹ Alága sùn?” Ó wo ẹnu mi. Ó mu omi ẹ̀ tán. Kò rẹ́rìn-ín. Mo ní háà, àwàdà mi ti bọ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló gbé àtẹ́lẹwọ́ lé sípíríǹgì ẹsẹ̀ ọkọ̀. “Yí táyà yẹn fún mi.” Mo yí i. Ó di ojú, bí ìgbà tí èèyàn bá fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ara ẹ̀ gbóná. “Tún un yí.” Mo tún un yí. “Ẹ̀ẹ̀kan sí i. Jẹ́jẹ́.” Apá ń ro mí. Mo ń sọ nínú mi pé bẹ́rìn ti jẹ, a ti mọ̀, òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́, kí ló tún ń wá níbẹ̀? Ó pẹ́ kó tó gbé ọwọ́ kúrò.

Ó tú táyà. Ó fi wáyà so irin tó ń di bíréèkì mú rọ̀ sókè, kó má baà fi okùn ẹ̀ rọ̀ dirodiro. Ó tú bóòtù ẹ̀yìn. Họ́ọ̀bù ní òun ò lọ síbì kankan. Ó da kẹrosíìnì sí i, ó gbá a ní òòlù, ó bú u. “Ìwọ irin yìí, ta ni mo ṣẹ̀ nínú ìdílé yín?” Ó wò mí. “Ìyàwó, wo agídí. Ọkọ ẹ gẹ́lẹ́! Oṣù mẹ́wàá ló lò kó tó jáde, ìyá ẹ̀ tún bẹ̀ ẹ́ kó tó mira.” Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i, họ́ọ̀bù já lẹ́ẹ̀kan náà, Bàbá fi ìdí jókòó sínú abọ́ omi ọṣẹ. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó wò mí. Ó ní, “Rẹ́rìn-ín ẹ, má jẹ́ kó fún ẹ pa.” Mo rẹ́rìn-ín títí Alága fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ó fún mi ní ògbólógbòó yẹn kí n yí i wò. Ó ń rún bí ẹni ń jẹ iyanrìn. Tuntun ńkọ́? Bí ìgbà tí ọwọ́ bá ń yí nínú omi. Kò sí ohùn nínú ẹ̀ rárá.

Mo wọlé lọ fún ọmọ lọ́yàn. Ìgbà tí mo jáde, ó ti to nǹkan padà, sípánà gígùn olónkà tí a yá lọ́wọ́ fọ́kánáísà ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. Fọ́kánáísà ní iye tí ẹ bá yí i sí, tó bá ti dé ibẹ̀, á ró kó, ẹ dúró. Bàbá ní, “Wá bá mi tẹ bíréèkì.” Mo jókòó síbí yìí gan-an, mo tẹ̀ ẹ́. Ó fà á, ojú ẹ̀ dì. Kó! Ó dúró lójú ẹsẹ̀. Ó dúró, mo rí i. Ṣùgbọ́n iye wo ló yí i sí? Èmi ò sí níbẹ̀ nígbà tó yí i. Ọgọ́sàn-án? Ọgọ́rùn-ún? Iye tó wà lórí ẹ̀ láti ilé fọ́kánáísà?

Ó wá gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Wà á yí àdúgbò ká, kí o padà wá sọ ohun tí o gbọ́ fún mi.”

Kí ló dé tí kò wà á fúnra ẹ̀? Ẹni tó wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ogún ọdún. Àbí ọkàn tiẹ̀ náà ò balẹ̀?

Ìwé mọ́tò dà? Ó wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ mi. Èmi kọ́ ni mo gbé e síbí. Orí ìdérí ẹ̀rọ mọ́tò ni mo fi í sí nígbà tí ọmọ ń ké. Ó ṣí sílẹ̀, ó dojú bolẹ̀. Mo gbé e, mo wá ojú ewé yẹn — ojú ewé yẹn náà ló ṣí sí. Mo fi ìka sí ìlà… ìka mi dúró.

Àmì àtàǹpàkò. Gíríìsì dúdú, ó tóbi, gbogbo ilà ọwọ́ ló hàn nínú ẹ̀. Abẹ́ nọ́ńbà yẹn gan-an ló tẹ̀ ẹ́ sí. Ọgọ́sàn-án, àtàǹpàkò lábẹ́ ẹ̀. Ó wá a. Èmi wà nínú ilé pẹ̀lú ọmọ, ó nu ọwọ́ — kò nù ún dáadáa — ó wá ohun tí mo kà lọ, ó sì rí i.

Háà. Bàbá.

Kò wá fojú di mí nìyẹn. Ẹni tó bá fojú dini kì í…

Kí ló ń kùn?

Hùùùùù.

Ó ṣì wà níbẹ̀! Gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ òní, ó ṣì ń… dúró. Dúró ná. Mi ò tíì tan mọ́tò. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mọ́tò dúró gbọn-in, ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dákẹ́ rọ́rọ́. Alága náà ti dákẹ́.

Mo gbójú sókè. Bàbá ni. Ó jókòó sórí agolo ọ̀dà lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, ọmọ lẹ̀ mọ́ àyà ẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ gbòòrò bo gbogbo ẹ̀yìn ọmọ, ojú ẹ̀ dì. Ẹnu ẹ̀ pa dé. Àyà ẹ̀ ló ń kùn. Ohùn yẹn gẹ́lẹ́ ni, kò yingin, títí dé ibi tó ti máa ń gbọ̀n díẹ̀ kó tó tún gbéra. Ohùn ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú. Apá Alága ti rọ̀. Ẹnu ẹ̀ ti là sílẹ̀. Ikùn síwájú.

Tún un yí. Ẹ̀ẹ̀kan sí i. Jẹ́jẹ́.

Ó gbọ́ àwàdà mi. Ó ń kọ́ orin ọmọ ni.

Mo tan mọ́tò. Mo ń tan án jẹ́jẹ́, bí ẹni pé mo lè jí wọn, ojú mi sì ti ṣú fún omijé débi pé mo ní láti dúró kí n tó lè ríran jáde.

Ó di ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà, nínú yàrá dókítà etí, kí n tó mọ ìyókù. Dókítà fi nǹkan bo etí Bàbá méjèèjì, ó ní kó gbé ọwọ́ sókè tó bá ti gbọ́ ohùn. Ohùn náà ròkè títí èmi tí mo jókòó tì í náà fi ń gbọ́ ọ. Ọwọ́ Bàbá ò kúrò lórí itan ẹ̀. Dókítà ní ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí etí yẹn ti lọ, ẹnu wa ló ń wò kó tó mọ ohun tí a ń sọ. Hùùùùù yẹn, Bàbá ò gbọ́ ọ rí lọ́jọ́ kan. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi kọ́ ọ, lára sípíríǹgì.