Ìyẹ̀fun Irin Tí Òjò Pa

Nígbà tí Déwùnmí rí àwọn ìlà pupa lára irin oníbàárà kan tó tún ṣe, àyà rẹ̀ já. Oògùn pupa ni wọ́n máa ń kùn sára irin tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Wọ́n á nù ún kúrò, wọ́n á wá fọ́n oògùn funfun lé e. Bí irin bá sán níbikíbi, pupa tó sá pamọ́ síbẹ̀ á yọ jáde bí ẹ̀jẹ̀. Irin tó wà níwájú rẹ̀ láàárọ̀ yẹn, àfi bíi pé ológbò ló ha á lára.

Ẹ̀rọ lésà ni Déwùnmí ń lò ní ṣọ́ọ̀bù wọn n'Ìkàrẹ́. Iná tó mú ju abẹ lọ ni. Wọ́n á máa da ìyẹ̀fun irin sí i, iná á yọ́ ọ mọ́ irin tó ti jẹ, irin á sì kún padà. Iṣẹ́ gidi ni, bí ìyẹ̀fun bá sáà ti gbẹ. Ààrò kékeré kan wà tí wọ́n fi ń yan án. Ṣùgbọ́n wọ́n mú iná lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, jẹnẹrétọ̀ kò sì lè gbé ààrò àti lésà pọ̀. Kí ni arábìnrin wa wá ṣe? Ó sá ìyẹ̀fun irin sórí àtẹ bí ẹni sá èlùbọ́! Òjò wínníwínní sì pa á. Ó sáré kó o wọlé, ó tún un sá, ó fọwọ́ pa á, ó ní ó ti gbẹ. Ṣé èlùbọ́ ni? Ọwọ́ kò lè mọ omi tó kù nínú ìyẹ̀fun irin. Inú iná ni yóò ti di afẹ́fẹ́, á sì dá ihò sínú irin.

Ìyẹ̀fun yẹn ló fi tún irin tó sán yìí ṣe, òun náà ló sì fi tún sípíńdù típà Fálúyì ọkọ rẹ̀ ṣe. Sípíńdù ni irin tí táyà iwájú ń yí lé lórí. Bó bá kán, táyà á bá tirẹ̀ lọ. Kò sì kun oògùn pupa sí i, torí Fálúyì ń kánjú, òun náà sì fẹ́ kí ọkọ òun yin òun.

"Yéè! Mo ti pa Bàbá Òkìkí!"

Ó pe fóònù ọkọ rẹ̀, kò lọ. Àárín àpáta tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lókè Ọ̀kà ni Fálúyì ti ń ru ẹrù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé ibẹ̀. Ó fò sẹ́yìn ọ̀kadà tòun ti aṣọ iṣẹ́.

Ẹni tó bá mọ Ọ̀kà á mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sọ́nà Ọ̀wọ̀ yẹn, ọkọ̀ tuntun gan-an ń gbàdúrà kó tó wọ̀ ọ́, ká má tíì sọ típà tó ru òkúta. Ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan, inú gọ́tà ni Déwùnmí ń wò. Ó rí táyà kan nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó figbe ta. Ti àwọn tó ń lẹ táyà ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dì mí mú dáadáa," ọlọ́kadà sọ, "ẹ fẹ́ gbé wa ṣubú."

Nígbà tó débẹ̀, ó rí típà Fálúyì lábẹ́ igi. Ẹsẹ̀ méjì nà jáde lábẹ́ rẹ̀, wọn ò mira. Déwùnmí pariwo orúkọ ọkọ rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì sì gbọ̀n, Fálúyì yọ orí jáde, oorun lójú.

"Ìyá Òkìkí, kí ló dé? Ṣé mi ò lè sùn níbòòji ni?"

Déwùnmí wólẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Limota, tó ń ta búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún àwọn awakọ̀, ìyàwó Awwal ọ̀rẹ́ Fálúyì, sáré gbé omi wá.

Déwùnmí ké sí ọkọ rẹ̀, "Sípíńdù yẹn, ẹ má fi rìn o! Ó ti sán nínú, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Olúwa, o ṣeun! Olúwa, o mà ṣeun o, tí o ò jẹ́ kó fi rìn!"

Oorun dá lójú Fálúyì.

"Ẹ sọ̀rọ̀ ná, Bàbá Òkìkí. Ibo ló wà?"

"Sípíńdù ti Awwal ló bà jẹ́ láàárọ̀," ni Fálúyì wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ó ti ru òkúta tán, wọ́n ń retí ẹ̀ l'Ọ́wọ̀. Irú ọkọ̀ kan náà la ní. Mo ní kó tú sípíńdù tèmi, kó fi sí ọkọ̀ tiẹ̀. Mo ní ohun tí ìyàwó mi bá ṣe, ó le ju tuntun lọ."

Wọ́n gbọ́ ìró típà kan nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tó ń já jíà, tó ń jìnnà lọ. Fálúyì fò sórí ọ̀kadà, ó ní kí ọlọ́kadà máa sáré lọ.

Ife omi ṣì wà lọ́wọ́ Limota. Ó wo Déwùnmí tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyá Òkìkí," ó ní, "kí lẹ ń dúpẹ́ fún?"